Ìwọ́ Ọmọ Mi àti Ògiri Cusco

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé ilé Signora Elvira ní Moncalieri, mo kúnlẹ̀ kí wọn. Mi ò tilẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá àgbà tí orí wọn funfun báláú ló ṣílẹ̀kùn fún mi, orúnkún mi sì ti kanlẹ̀ kí n tó rántí pé mi ò sí ní Iléṣà mọ́. Ojú Signora ti ń ṣú nígbà náà. Wọ́n tẹ̀ ba, wọ́n ń fọwọ́ tá ilẹ̀ kiri, wọ́n ní, "Che cosa hai perso?" Kí ló sọnù lọ́wọ́ rẹ? Wọ́n rò pé yẹtí mi ló já bọ́. Italian mi kò tíì tó èyí tí mo lè fi ṣàlàyé, ni èmi náà bá bá wọn wá a. Àwa méjèèjì ń wá ohun tí kò sọnù kiri orí táìlì.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti fi ìkúnlẹ̀ sílẹ̀. Mo ń mi orí bí aláǹgbá bíi tiwọn, mo ń sọ pé "Buongiorno", ó parí. Nínú bọ́ọ̀sì tó ń ti Torino bọ̀, mo kọ́kọ́ máa ń kí gbogbo ènìyàn bí mo bá ti wọlé, títí ọ̀rẹ́ mi kan ní ṣọ́ọ̀ṣì fi bẹ̀ mí pé kí n dákun, wọ́n á rò pé mo fẹ́ tọrọ nǹkan ni. Ó dùn mí ju òtútù lọ. Nílé wa, bí o bá gba iwájú àgbàlagbà kọjá láì kí i, ìyá rẹ ni wọ́n á bú. Níbí, ẹni tó ń kíni ni ojú ń wò.

Ojú Signora kò ríwèé kà mọ́, nítorí náà, yàtọ̀ sí ká wẹ̀ fún wọn ká sì se ọbẹ̀ olómi wọn, iṣẹ́ mi tún ni láti máa kàwé ìròyìn sókè fún wọn. "Leggimi," wọ́n á ní, kà á fún mi. Èmi tí ọ̀rọ̀ kò yé ń kàwé fún ẹni tí ojú rẹ̀ ń ṣú! Wọ́n á tún ahọ́n mi ṣe, wọ́n á rẹ́rìn-ín títí ìbòrí wọn á fi ṣí. Bí mo ṣe gbọ́ Italian nìyẹn. Ọkọ mi wà ní Pordenone, ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe fìríìjì, ọjọ́ Sátidé ló ń wọ reluwé wá wò mí. Àwọn ọjọ́ tó kù, èmi àti Signora la jọ ń gbé.

Nígbà òtútù, kùrukùru tí wọ́n ń pè ní nebbia á bo gbogbo ọgbà, débi pé mi ò ní rí igi ọ̀pọ̀tọ́ tó wà níwájú fèrèsé ilé ìdáná. Màá dúró síbẹ̀ pẹ̀lú àwo tí mò ń fọ̀ lọ́wọ́, àárò ilé á sì sọ mí. Màá ronú kan ọyẹ́ tiwa tó ń la ètè ní òwúrọ̀, àti ẹ̀yìnkùlé bàbá mi níbi tí igi orógbó wà. Bàbá mi fi amọ̀ kọ́ ilé náà, ó sì fi símẹ́ńtì rẹ́ ẹ lójú. Ọdọọdún ni símẹ́ńtì ń bó, amọ̀ kò sì yẹsẹ̀. Mo lè fojú inú mọ ibi tó ti sán, láti ẹnu ọ̀nà dé kọ̀rọ̀.

Ní ilé ìwòsàn kan ní Torino ni mo bí Tèmítọ́pẹ́, ọmọbìnrin mi, sí. Nígbà tí mo béèrè èkejì ọmọ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, ó rọra fọwọ́ gbá mi léjìká, ó ní kí n má ṣèyọnu, wọ́n ti lọ sun ún. Inú rere ló fi sọ ọ́. Ẹkún tí mo sun lọ́jọ́ náà, ó rò pé ara ló ń ro mí. Nígbà tí ìwọ́ ọmọ wá já nílé, mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Mo fi òwú wé e, mo fi í sínú agolo kékeré tí wọ́n ń kó fíìmù fọ́tò sí, mo sì tì í sábẹ́ aṣọ mi.

Ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, ìyá mi á lọ jókòó sí pálọ̀ Bàbá Tísà, aládùúgbò wa tó ní tẹlifóònù, wọ́n á máa retí ìpè mi. Bí a bá ti kíra tán, ìbéèrè kan ṣoṣo ló ń tẹ̀ lé e.

"Ìwọ́ ọmọ mi ńkọ́?"

"Ó wà lọ́wọ́ mi, Màámi."

"Má jẹ́ kí eku gbé e o. Mo ti ro ìdí orógbó sílẹ̀ dè é, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí a rì tìẹ sí. Ìgbà wo lẹ̀ ń bọ̀?"

"Ọdún tó ń bọ̀, Màámi."

Lákọ̀ọ́kọ́, permesso ni kò sí, ẹni tí kò ní ìwé ìgbélùú kò lè jáde kó tún wọlé. Nígbà tí ìwé dé, oyún dé tí kò dúró. Lẹ́yìn náà, iṣẹ́ ọkọ mi mì. Ọdún ń gorí ọdún, Tọ́pẹ́ ń dàgbà nínú ilé Signora. Bí mo bá fi Yorùbá pè é, Italian ló fi ń jẹ́. "Arrivo, mamma." Mò ń bọ̀, màmá. Pásítọ̀ wa ní Torino wàásù lọ́jọ́ kan pé ohun àtijọ́ ti kọjá lọ, kí a jáwọ́ nínú àṣà àwọn baba wa. Mo ṣe àmín kíkankíkan. Agolo mi kò sì kúrò lábẹ́ aṣọ. Kì í ṣe pé mò ń bọ ìwọ́. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni pé ọmọ yìí, ibo ni yóò máa tọ́ka sí bí wọ́n bá bi í pé ilé rẹ dà? Ìyá mi ti gbà pé Iléṣà ni. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ náà kò tíì fẹsẹ̀ tẹ Iléṣà rí.

Ó lọ́jọ́ kan, Tọ́pẹ́ ń tú ẹrù mi, ló bá gbé agolo náà wá sí ilé ìdáná. "Mamma, cos'è questo?" Kí nìyí? Mo já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ojú sì tì mí, nítorí Signora jókòó níbẹ̀. Wọ́n bi mí, mo ṣàlàyé bí mo ṣe lè ṣe. Mo ń retí pé wọ́n á rẹ́rìn-ín. Wọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbé ife tíì wọn sílẹ̀.

"Tèmi wà ní Cusco," wọ́n ní.

Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé orí òkè Andes ní Perú ni wọ́n bí Signora sí. Bàbá wọn ń ra irun àgùntàn níbẹ̀. Obìnrin ìbílẹ̀ kan tó ń jẹ́ Justina ló gbẹ̀bí wọn, òun náà ló pọ̀n wọ́n dàgbà, òun ló sì rì èkejì wọn mọ́ ilẹ̀ àgbàlá. Ó sọ fún wọn pé ibikíbi tí wọ́n bá lọ, ilẹ̀ yẹn á máa pè wọ́n. Wọn ò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà tí bàbá wọn kó wọn padà sí Ítálì.

"Ó sì ń pè mí," Signora wí. "Àwọn ọmọ mi ń fi mí rẹ́rìn-ín. Dókítà ní kí òtútù yìí tó dé, ojú mi á ti lọ tán. Mo fẹ́ fojú rí ibẹ̀. O máa sìn mí lọ. Tọ́pẹ́ náà á bá wa lọ."

Mo sọ fún ìyá mi lórí tẹlifóònù. "O wá rọ́nà Perú," wọ́n ní, "o ò rọ́nà Iléṣà." Ọ̀rọ̀ yẹn bá mi wọ bàálù.

Cusco ga, kì í ṣe díẹ̀. Bí a ṣe sọ̀ kalẹ̀ ni èémí mi ti ń já. Àwọn ará hòtẹ́ẹ̀lì gbé omi ewé gbígbóná kan fún wa, wọ́n ní òun ni oògùn òkè. Mo ní "Ẹ̀jẹ̀ Jésù", mo tì í sẹ́yìn. Nígbà tó máa di ìrọ̀lẹ́, orí mi ń fọ́ bí ẹni pé wọ́n ń gún iyán nínú rẹ̀, Signora sì ti mu tiwọn, ara wọn dá ṣáṣá. Mo gbàdúrà lé tèmi, mo gbé e mì. Orí náà fò lọ. Pásítọ̀ kò gbọ́ títí di òní.

Obìnrin kan tó gbọ́ Italian ló ń mú wa kiri. Ó kọ́kọ́ mú wa lọ sí tẹ́ńpìlì oòrùn àwọn Inca, àwọn tó ni ilẹ̀ náà láyé àtijọ́. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń ṣe iyèméjì, ilé òrìṣà ilé òrìṣà ni, Tọ́pẹ́ ló fà mí wọlé. Amọ̀nà wa ní wúrà ni wọ́n fi bo ara ògiri ibẹ̀ nígbà kan, kí àwọn Sípéènì tó dé wá bó o, tí wọ́n sì kọ́ ilé àwọn àlùfáà Kátólíìkì lé e lórí. Ìsàlẹ̀ Inca, òkè Sípéènì. Nígbà tí ilẹ̀ mì tìtì, apá òkè sán, ó wó níbi tó pọ̀. Òkúta ìsàlẹ̀ kò tilẹ̀ yọ̀ láàyè rẹ̀. Mo fọwọ́ kàn án. Wọn ò fi símẹ́ńtì kankan lẹ̀ ẹ́, síbẹ̀ abẹ́rẹ́ kò ráàyè láàárín òkúta sí òkúta. Mo rántí ilé bàbá mi.

"Leggimi il muro," Signora wí. Ka ògiri yìí fún mi.

Mo mú ọwọ́ wọn, mo ń kà á. Èyí tóbi, Signora, èyí kéré. Èyí yọ igun síta, èkejì sì gbẹ́ àyè dè é. Báyìí la ṣe rin gbogbo ìlú náà, èmi ń ka ògiri, wọ́n ń sọ ìtàn ìgbà èwe wọn fún mi. Ní òpópónà tóóró kan, Tọ́pẹ́ ka gbogbo igun ara òkúta kan sókè ní Italian, amọ̀nà wa pàtẹ́wọ́ fún un. Nígbà tí a gun odi àtijọ́ Sacsayhuamán, níbi tí àwọn òkúta ga ju ilé lọ, ọmọ náà bi mí bóyá òmìrán ló kó wọn jọ. Mo ní ènìyàn ni. Kò gbà.

Nínú Kàtídírà ńlá wọn ni mo ti rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́. Àwòrán Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa kan wà níbẹ̀ tí ará ìlú náà kan yà láyé ọjọ́un. Mo sún mọ́ ọn láti wo ohun tó wà nínú àwo níwájú Jésù. Ẹran náà na ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sókè. Mo ní, "Ha! Òkété!" Amọ̀nà ní eku ilé tí wọ́n ń sìn jẹ níbẹ̀ ni. Kì báà jẹ́ kí ni wọ́n ń pè é, mo mọ òkété bí mo bá rí i, bàbá mi dẹ pàkúté rẹ̀ púpọ̀. Jésù kan tún wà níbẹ̀ lórí àgbélébùú tí èéfín àbẹ́là ti sọ dúdú láti ọjọ́ pípẹ́. Òun ni wọ́n ń gbé yípo ìlú kí ilẹ̀ má baà mì. Tọ́pẹ́ nàka sí i. "È nero come papà!" Ó dúdú bíi bàbá mi! Gbogbo ènìyàn bojú wẹ̀yìn. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, ẹkún sì wà nínú ẹ̀rín náà, nítorí pé láti ọdún tí mo ti wà ní Ítálì, ibẹ̀ ni ilẹ̀ àjèjì ti kọ́kọ́ jọ ilé lójú mi.

Ilé Signora ni a fi ṣe ìgbẹ̀yìn. Ẹ̀rù ń bà wọ́n, mo mọ̀ ọ́n lára ọwọ́ wọn. Ó ti di hòtẹ́ẹ̀lì. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà lẹ́nu ọ̀nà ní àlejò tó bá gbàyàrá nìkan ló lè wọ àgbàlá. Signora fi èdè Sípéènì bẹ̀ ẹ́, ó mi orí. A yípadà. Lórí àtẹ̀gùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé náà, ìyá arúgbó kan jókòó, ó di irun rẹ̀ ní méjì sẹ́yìn, ìrànwú wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń ran irun àgùntàn bí ìyá ìyá mi ṣe máa ń ran òwú. Bí ojú wa ṣe ṣe mẹ́rin, kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti kúnlẹ̀ sí ojú ọ̀nà. "Ẹ kú iṣẹ́ o, mà." Yorùbá ni mo sọ! Àwọn tó ń kọjá dúró wò mí, wọ́n rò pé mò ń gbàdúrà.

Ìyá náà kò bi mí pé kí ló sọnù. Ó gbé ìrànwú sílẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó sọ nǹkan jẹ́jẹ́. Mo mọ àdúrà bí mo bá gbọ́ ọ, kì báà jẹ́ èdè wo. Ó gbé mi dìde, ó sì fi èdè Sípéènì bi Signora pé kí la ń wá, amọ̀nà wa ń túmọ̀ fún mi. Nígbà tí wọ́n dárúkọ Justina, ojú arúgbó náà là. Justina ló kọ́ ọ ní oúnjẹ sísè nígbà tó ṣì wà ní ọmọbìnrin, nínú ilé yìí gan-an. Ọmọ arúgbó náà ló ń dáná níbẹ̀ báyìí. Ó di ọwọ́ Signora mú, ó sì mú gbogbo wa gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé.

Signora yà sí àgbàlá tààrà. "Igi wà níbí," wọ́n ní, "ìdí igi ni." Kò sí igi. Òkúta ni wọ́n tẹ́ síbẹ̀, wọ́n tò tábìlì àti àga lé e. Signora fẹsẹ̀ wá a, wọ́n fọwọ́ wá a, wọ́n wá dúró láàárín àga, wọ́n ń sunkún bí ọmọdé. Tọ́pẹ́ dì mọ́ mi lẹ́sẹ̀. Ṣé ohun tí a tìtorí ẹ̀ rìn wá nìyí?

Arúgbó náà mi orí. Ó ní ta ló wí pé ìdí igi ni? Igi a máa kú. Ìdí ààrò ni Justina ń rì í sí, nítorí pé ibi tí iná bá wà, ibẹ̀ ni ilé wà. Ó mú wa wọ ilé ìdáná, ó kó ìkòkò kúrò ní kọ̀rọ̀ kan, ibi ààrò àtijọ́ sì fara hàn lẹ́bàá ògiri Inca. Signora jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀wù olówó ńlá wọn. Wọ́n fẹ̀yìn ti òkúta, kò sì sí ẹni tó yọ wọ́n lẹ́nu. Ọmọ arúgbó náà ń bá ọbẹ̀ rẹ̀ lọ.

Nígbà tó yá, Signora ní, "Mo fẹ́ lọ sílé."

Mo rò pé ọkàn wọn ti dàrú. Mo ní, "Signora, a ti délé."

"Rárá. Moncalieri. Ta ló ń bu omi sí ọgbà mi?" Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n nu ojú. Wọ́n wá fọwọ́ wá ọwọ́ mi. "Justina ṣe é dáadáa. Ibi tí wọ́n bí mi sí ló rì í sí, kò mọ̀ pé wọ́n á gbé mi lọ. Láti kékeré ni mo ti ń jẹun nínú ilé kan tí mo sì ń ṣàárò òmíràn. Ìwọ, o mọ̀ ọ́n sílẹ̀. La bambina dove mangia?" Ọmọ rẹ, ibo ló ti ń jẹun?

Tọ́pẹ́ jókòó sórí àpótí, ó ń jẹ ọ̀dùnkún tí wọ́n fún un. Mo wò ó títí. Lọ́jọ́ náà ni mo gbà lọ́kàn mi pé àárò tó ń ṣe mí, tèmi ni. Mi ò gbọdọ̀ rì í mọ́lẹ̀ fún ọmọ mi.

Ẹni tó máa wá sọ ọ́ fún ìyá mi ló kù. Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé ìpadàbọ̀ wa, mo tẹ nọ́ńbà Bàbá Tísà.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mo fẹ́ rì ìwọ́ Tọ́pẹ́ síbí."

Mò ń gbọ́ aago ara ògiri Bàbá Tísà. Mo ní ó parí, mo ti ba ìyá mi nínú jẹ́, wọ́n á rò pé mo ti ta ọmọ wọn fún òyìnbó. Mo ń to àlàyé lẹ́nu nígbà tí ohùn wọn dé.

"Ṣé ilẹ̀ ibẹ̀ rọ̀?"

"Ó rọ̀, Màámi."

"Igi wà níbẹ̀?"

"Igi ọ̀pọ̀tọ́ ni. Ṣùgbọ́n abẹ́ fèrèsé ilé ìdáná ló wà, ibi tí à ń dáná."

"Ó ń so?"

"Ó ń so gan-an."

Wọ́n mí kanlẹ̀. "Ó dáa. Má gbẹ́ ẹ láìsí mi níbẹ̀ o. Ìyá àgbà ọmọ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀."

Bó ṣe di ọjọ́ Ìsinmi kejì nìyẹn tí mo na okùn tẹlifóònù Signora gba ojú fèrèsé ilé ìdáná bọ́ sí ọgbà. Ó tó ìdí igi gẹ́lẹ́, bí ẹni pé wọ́n wọ̀n ọ́n. Ọkọ mi, tó ti kọ́kọ́ ń sọ pé kí ni Pásítọ̀ á wí, ló gbẹ́ ihò. Signora jókòó lórí àga nínú oòrùn, ojú wọn ti ṣú pátápátá nígbà náà. Mo tú òwú, mo gbé ìwọ́ náà sílẹ̀, mo sì gbé etí tẹlifóònù lé ẹ̀gbẹ́ ihò lórí ilẹ̀.

Ohùn ìyá mi ti inú rẹ̀ jáde, tín-ín-rín, láti pálọ̀ Bàbá Tísà ní Iléṣà. "Àṣàkẹ́! Àṣàkẹ́ ọmọ mi! Ọmọ Ọwá tó ń ti ilé mú iná roko! Ilẹ̀ Ítálì, mo fi ọmọ mi lé ọ lọ́wọ́ o, má gbé e mì, má pọ̀ ọ́. Àṣàkẹ́, ṣé ò ń gbọ́ mi?"

Tọ́pẹ́, tí ìyá mi fún ní oríkì Àṣàkẹ́, tí kì í fi Yorùbá jẹ́ ìpè ẹnikẹ́ni, sáré wá. Etí tẹlifóònù wà nílẹ̀, kò sì sí bó ṣe lè gbọ́ ọ láìkúnlẹ̀. Ó kúnlẹ̀ sínú yèpẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ọjọ́ Ìsinmi rẹ̀, ó tẹ́ etí sílẹ̀. "Ẹ kú ilé o, Màámi àgbà," ni ó wí. Ọkọ mi dá ọkọ́ dúró lọ́wọ́.

Signora gbọ́ bí orúnkún ṣe kanlẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́. "Che cosa ha perso?" wọ́n ní.

"Ta nìyẹn?" ìyá mi bi mí láti inú ilẹ̀. "Kí ni wọ́n wí?"

"Signora ni, Màámi. Wọ́n ní kí ló sọnù lọ́wọ́ ọmọ náà."

"Sọ fún wọn," ìyá mi wí, "pé a ti rí i."